Bí Mo Ṣe Fọ Rédíò Nínú Omi Eérú

Obìnrin tó mọ ọbẹ̀ sè pọ̀ nílẹ̀ yìí bí yanrìn. Èmi kò mọ ọbẹ̀ sè nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò sì mọ̀ ọ́n sè tó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹni tí ìyẹn bá dùn, kó lọ mu gààrí. Ohun tí èmi mọ̀ ni òjé jíjó, kí n yọ́ òjé lójú iná, kí n fi lẹ irin mọ́ irin. Òjé yìí ló fa ọkọ wá sọ́dọ̀ mi, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó lé e lọ.

Ilé onípáànù ni wọ́n bí mi sí. Bọ́ládé ni ìsọ̀ bàbá mi wà, létí ọ̀nà tó lọ sí Agége. Àtùpà tó ń jo epo, kẹ́tùrù tí ẹnu rẹ̀ ti já, korobá tó lu nídìí, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ará Òṣòdì máa ń kó wá fún wọn. Bàbá mi á ti irin tí wọ́n fi ń jó òjé bọ iná èédú. Kí irin náà tó gbóná, wọ́n á mú ìyẹ́ adìyẹ kan, wọ́n á tì í bọ ìgò kékeré kan tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á fi pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ jó. Ásíìdì ló wà nínú ìgò náà. Èèpo bátìrì tó ti kú ni wọ́n máa ń gé sínú rẹ̀, á máa hó, á máa rú èéfín, títí á fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà náà ni wọ́n á ní, "Ó ti gbọ́ràn." Oògùn òjé ni wọ́n ń pè é. Irin ì báà dọ̀tí bí ìdí ìkòkò, bí oògùn yẹn bá ti kàn án, òjé á sáré lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Iṣẹ́ tèmi ni fífọ̀. Ìkòkò omi eérú kan wà lẹ́yìn ìsọ̀. Eérú igi la máa ń rẹ sínú omi di ọjọ́ kejì, ká tó sẹ́ ẹ. Ohun tí bàbá mi bá ti jó tán, wọn ò tiẹ̀ ní wẹ̀yìn, wọ́n á kàn nawọ́ rẹ̀ sí mi: "Fọ̀ ọ́!" Màá rì í sínú omi eérú, màá fi kànìnkàn ha á, màá fi omi tútù ṣàn án, màá sá a sóòrùn. Omi eérú a máa bó ènìyàn lọ́wọ́. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn dé ìdí ọkàn mi. Lọ́jọ́ kan mo béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tá a fi ń fọ̀ ọ́? Ṣebí wọ́n tún máa gbé e relé lọ fi èéfín kùn ún ni." Bàbá mi ní, "Fọ̀ ọ́, mo ní." Ó parí. Mo wá gbà lọ́kàn ara mi pé nítorí kó lè máa dán lójú oníbàárà ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n ti ń to rédíò alábátìrì. Àwa obìnrin la jókòó ti tábìlì gígùn kan. Pátákó pẹlẹbẹ kan báyìí ni wọ́n máa ń gbé síwájú wa, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbà tẹ́ sí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ya kiri bí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko. Ara bàbà yìí la máa ń jó ẹsẹ̀ àwọn nǹkan wínníwínní inú rédíò mọ́. Irin tiwa, iná mànàmáná ló ń mú un gbóná. Òjé tiwa rí bí okùn, oògùn rẹ̀ sì wà nínú ikùn rẹ̀: oje igi tó ti gan, tó pọ́n bí oyin, tó ń ta sánsán bí tùràrí. Bí a bá jó o tán, a kì í fọ̀ ọ́. Oje náà á gan sórí bàbà, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àfi bí ọ̀gá bá ń retí àlejò. Nígbà náà la ó fi sípírítì nù ún kó lè dára lójú.

Ọ̀gá wa yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ìka gún afẹ́fẹ́ bó bá ń sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Oje igi nìkan! Ẹni tí mo bá ká ásíìdì mọ́ lọ́wọ́, ilé ló ń lọ." Èmi tí ẹnu mi kì í dúró sójú kan béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nítorí kí ni?" Ó ní, "Nítorí mo sọ bẹ́ẹ̀." Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin méjì nìyẹn. Ọ̀kan ní kí n máa fọ̀ ọ́, èkejì ní n kò gbọdọ̀ mú un wá, kò sì sí èyí tó sọ ìdí. Mo ní lọ́kàn mi pé ìlara lásán ni. Ó ti gbọ́ pé oògùn bàbá mi lágbára ju tiẹ̀ lọ.

Iléeṣẹ́ yìí ni mo ti pàdé àfẹ́sọ́nà mi. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an, ẹnu rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí èmi nìkan ni mo ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó mú mi lọ sílé wọn, bàbá rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀. Bàbá Ìsọlọ̀ ni màá máa pè wọ́n nínú ìtàn yìí. Wọ́n bi ọmọ wọn pé, "Ọmọ ta ni?" Ó ní ọmọ onípáànù Bọ́ládé ni. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Ó ní mò ń jó òjé. Bàbá Ìsọlọ̀ gbójú sókè wo àjà. "Bàbá ń jó òjé, ọmọ ń jó òjé. Ta ni yóò wá máa dáná? Àbí òjé la ó máa jẹ nílé yìí?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ọmọ gidi. Àfẹ́sọ́nà mi tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbà mí. Ìyá Ìsọlọ̀ ní rédíò kan lórí tábìlì pálọ̀, rédíò àkọ́kọ́ tó wọ àdúgbò yẹn. Bàbá ló rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àtùpà ojú irin ní Òṣòdì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rédíò náà ti dákẹ́ láti ìgbà òjò. Ó sì dun Ìyá dé egungun, torí ìkéde òkú ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Òkú Ìkòròdú, òkú Ẹ̀pẹ́, òkú tí wọn ò mọ̀ rí, Ìyá Ìsọlọ̀ á sunkún gbogbo wọn kárakára, wọ́n á nu ojú, wọ́n á padà sídìí ọbẹ̀. Láti ìgbà tí rédíò ti kú, wọn ò rí ẹni sunkún mọ́, ara wọn ò yá.

Ìyá ní, "Bí ọmọ yìí bá lè jí rédíò mi, èmi gbà á níyàwó, kó tiẹ̀ máa fi òjé se ọbẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bó bá jí i, a ó dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí kò bá jí i, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Àmọ́ rédíò mi kì í sùn níta o. Ibí ni yóò ti ṣe é, lójú mi." Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọkọ mi sínú rédíò, wọ́n sì dé e.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba irin kékeré kan lọ́wọ́ bàbá mi, èyí tí wọ́n fi ń jó ẹnu àtùpà, torí iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò Bàbá Ìsọlọ̀. Inú iná èédú Ìyá ni mo ti ń mú un gbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. Mo tú ẹ̀yìn rédíò. Yéè! Bátìrì ti ṣu sínú rẹ̀. Omi bátìrì ti jẹ bàbà, wáyà mẹ́rin ti já, ojú ibẹ̀ ti dúdú kirikiri. Mo ha á, mo fi okùn òjé iléeṣẹ́ wa kàn án. Òjé ò lẹ̀. Ó ń yí gbirigbiri bí omi lórí ewé kókò. Mo tún un ṣe. Ó tún yí. Gbogbo àdúgbò ti pé sí àgbàlá, Ìyá ń ṣàdúrà, Bàbá jókòó gẹ̀rẹ̀jẹ̀ sórí àga onírọ̀rí wọn, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan sílé." Mo gba kẹ̀kẹ́ àfẹ́sọ́nà mi, mo ré kọjá lọ sí Bọ́ládé. Bàbá mi ò sí ní ìsọ̀. Mo da oògùn òjé díẹ̀ sínú ìgò oògùn ojú, mo fa ìyẹ́ adìyẹ kan yọ, mo padà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi ìyẹ́ yẹn pa á. Irin kan òjé, òjé sáré, ó lẹ̀ mọ́ bàbà típẹ́típẹ́, ó ń dán gbinrin. Mo jó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi bátìrì tuntun sí i, mo yí i. Ó sọ pé fááá, ó sì ń sọ̀rọ̀! Àwọn ènìyàn pariwo. Ìyá Ìsọlọ̀ gbá mi mọ́ra tòun ti ẹ̀wà lọ́wọ́. Bàbá Ìsọlọ̀ nìkan ni kò pariwo. Wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí, wọ́n wo rédíò. Wọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún pa á dé. Mo rò pé ìyanu ló gba ohùn lẹ́nu wọn. Mo ti ẹ̀yìn rédíò pa, mo gbọn ọwọ́ mi nù. Ó jọ mí lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ní tí ọ̀gá wa bá wà níbẹ̀, màá fi ìyẹ́ yẹn gún un nímú.

Bàbá Ìsọlọ̀ kò yẹ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ọjọ́ Àìkú kẹrin. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá lọ kí wọn, "ọmọ onípáànù" ni wọ́n ṣì ń pè mí, ojú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ tú ká. Ìta ni mo tún máa ń bá wọn, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lórí àpótí. Pálọ̀ ti kún. Gbogbo àdúgbò ti padà wá máa gbọ́ rédíò. Ọkùnrin kan tó sanra bí àmù ló máa ń jókòó sórí àga onírọ̀rí náà, á na ẹsẹ̀, á máa jẹ obì Bàbá, á tún máa sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n dákẹ́. Mo rí gbogbo èyí, mi ò rò ó síbì kan. Èmi ń ronú nípa aṣọ tí màá wọ̀.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́rú kan, mo bá Ìyá Ìsọlọ̀ tí wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ń ké. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn ti kú, Àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Okota, tí àwọn méjèèjì jọ ṣe ọmọge. Rédíò ló sọ ọ́. Ó ní, "A kéde pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá," ó ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó wá ní, "Àlájà oníṣòwò aṣọ ní Okota," ó tún ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ìyá ní lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ àwọn yóò lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀.

Èmi ò rí ti òkú rò. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ yẹn ni mo gbọ́. Bí Ìyá ti wọlé lọ bọ́jú, mo yọ ẹ̀yìn rédíò díẹ̀, mo yọjú wò ó. Àyà mi já pàà. Gbogbo ibi tí mo jó ti hu ewú bí búrẹ́dì àná. Bàbà ti di àwọ̀ ewé, nǹkan funfun kan ń sun omi lára rẹ̀, ó ti ràn dé ibi tí ọwọ́ mi ò kàn rárá. Mo ti í pa kíákíá. Ọjọ́ Àìkú kẹrin ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo kà á léraléra lójú ọ̀nà, kò yí padà. Mo sunkún dé Bọ́ládé.

Mo ròyìn fún bàbá mi. Wọ́n ń lu ìdí korobá kan lọ́wọ́. Wọ́n dá òòlù dúró.

"O fi oògùn òjé mi pa rédíò?"

"Ẹ̀ẹ́n, Bàbá."

"O wá fọ̀ ọ́?"

"Fọ kí ni?"

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. "O fi ásíìdì sílẹ̀ lára iṣẹ́ láìfọ̀? Ìwọ! Ìwọ tó o fọ gbogbo àtùpà Òṣòdì!"

Mo ní, "Ṣebí kó lè máa dán la ṣe ń fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín pa bàbá mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú èédú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bínú. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ ìdọ̀tí kúrò lára irin, bí ìdọ̀tí bá tán, irin gan-an ló kàn. Omi eérú ló ń pa á. Wọ́n ní korobá tí wọn ò bá fọ̀, kò ní pé oṣù kan tó fi máa lu níbi tí wọ́n jó gan-an. Èmi náà bínú padà, mo pariwo lé bàbá mi lórí lójú àwọn oníbàárà, ohun tí n kò ṣe rí: "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá? Fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́! Ẹ ò lè sọ ìdí?" Bàbá mi tún gbé òòlù. Wọ́n ní, "Bàbá tèmi náà ò sọ fún mi. Korobá ló sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ wá yé mi pátá. Oògùn ìsọ̀ ni mo mú, mo fi ìṣe iléeṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ní ìsọ̀, ásíìdì ni, a sì ń fọ̀ ọ́. Ní iléeṣẹ́, a kì í fọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ásíìdì. Èmi nìkan ni orí mi pé tó láti mú ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì, kí n sì máa rẹ́rìn-ín ọ̀gá.

Bàbá mi sẹ́ omi eérú tó mọ́ kedere fún mi sínú ìgò méjì. Àfẹ́sọ́nà mi gbé okùn òjé àti sípírítì díẹ̀ wá láti ibi ẹrù, ìgboyà kan ṣoṣo tí mo rí i kó hù láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo sọ fún ọ̀gá pé inú ń run mí. Mo mọ̀ pé Bàbá Ìsọlọ̀ á wà ní mọ́sálásí, Ìyá á wà ní Okota níbi òkú.

Ilé dá wáí. Mo tú rédíò, mo já wáyà ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí omi má bàa kàn án, mo yọ pátákó náà, mo rì í sínú bàsíà omi eérú. Ó hó díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí mo jó. Mo ní, "Ásíìdì, o ṣì wà níbẹ̀! Olè!" Mo rún ẹnu pákò kan, mo fi ń ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ewú náà ń bọ́. Mo ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti fi ki ara mi láyà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìsọlọ̀ wọlé. Wọn ò pẹ́ ní Okota. Wọ́n ti sunkún láti ìkòríta, wọ́n kanlẹ̀kùn, òkú ló jáde wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àlájà náà ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ni. Ìkéde òkú ẹlòmíràn ni rédíò gé, tó fi lẹ̀ mọ́ ìkéde ìgbéyàwó tirẹ̀. Ó ní Ìyá ń pè é lókùú lójú àna rẹ̀, ó sì lé wọn jáde tòun ti gèlè dúdú lórí. Inú tó bí wọn dé nìyẹn, kí wọ́n tó rí rédíò wọn nínú bàsíà.

"Ẹ gbà mí o! Ó ń fọ rédíò! Ọmọ onípáànù ń fọ rédíò mi bí àwo!"

Kí n tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti pé. Ọkùnrin tó sanra bí àmù ló ṣáájú. Ó ní ó ti mọ̀ pé orí mi ò pé. Ẹnì kan ní bóyá màá tún lọ̀ ọ́ bí aṣọ. Láàárín ariwo yẹn ni Bàbá Ìsọlọ̀ ti mọ́sálásí dé, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo bàsíà. Wọ́n ní, "Kí lò ń ṣe?"

Mo ti ní irọ́ kan nílẹ̀, irọ́ tó dára: eruku ló wọ̀ ọ́. Ó ti dé ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sórí ọkùnrin tó sanra bí àmù yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ara mi sì gbóná. Mo dìde tòun ti pákò lọ́wọ́. Mo ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́! Ásíìdì ni mo fi jó o, ọ̀gá ti ní kí n má fi í ṣe é, mo fi í ṣe é. Bàbá mi ti kọ́ mi kí n máa fọ̀ ọ́, n kò fọ̀ ọ́. Ó ń jẹ rédíò yín láti inú, mo sì mọ̀ láti ọjọ́rú, n kò sọ, torí mo fẹ́ràn ọmọ yín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ó tán! Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ tán ná, torí tó bá wà báyìí dọ̀la, kò sẹ́ni tó lè jí i mọ́." Omijé ti bò mí lójú. Mo jókòó padà, mo ń ha rédíò lọ.

Bàbá Ìsọlọ̀ fi tẹ̀sùbáà sápò. Wọ́n fa àpótí wọn sún mọ́ bàsíà. Wọ́n ní, "Omi tútù lo máa fi ṣàn án lẹ́yìn èyí. Lẹ́ẹ̀mẹta." Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi sípírítì nù ún, mo sá a sórí ẹní nínú oòrùn, Bàbá sì jókòó tì í, wọ́n ń fi ọ̀pá lé adìyẹ kúrò níbẹ̀ títí ó fi gbẹ. Bàbà náà ti pọ́n, ó mọ́ tónítóní. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn òjé oje igi lásán ni mo fi kàn án, ó sì lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti bẹ̀. Mo tò ó padà. Mo yí i.

Ohùn jáde geere, kò sí kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń kéde òkú kan ní Badagry, ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá Ìsọlọ̀ bú sẹ́kún ayọ̀ àti ti òkú náà pọ̀. Àwọn ènìyàn rọ́ wọ pálọ̀, wọ́n ń yìn mí, ọkùnrin tó sanra bí àmù sì ti dé orí àga kí wọ́n tó gbé rédíò dé orí tábìlì.

Mo kù lẹ́yìn nínú àgbàlá, mò ń da omi eérú nù. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó."

Mo wẹ̀yìn, mo wò ó bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Bàbá Ìsọlọ̀ nìkan ni. Èmi ni wọ́n ń pè. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n, Bàbá."

Wọ́n ní, "Èmi náà jó àtùpà rélùwéè. Mo gbọ́ òórùn ásíìdì yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo sì rí i pé o ò fọ̀ ọ́."

Ọkùnrin kẹta nìyẹn! Mo gbàgbé pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá! Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́? Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo dá ò yẹ̀. Ta ló ń sọ ti ọkọ? Nígbà tí rédíò yẹn dákẹ́, èmi ni mo ń jókòó sórí àga mi." Wọ́n yíjú wo pálọ̀. Ọkùnrin tó sanra bí àmù ti na ẹsẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ abọ́ obì. Bàbá Ìsọlọ̀ tẹ̀ sílẹ̀ sí mi létí, ohùn wọn rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìyàwó mi. Ìgò oògùn ojú yẹn, ṣé ó ṣẹ́ kù díẹ̀?"

Mo gbójú sókè wò wọ́n. "Ó kù, sà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán ná."